Lẹ́ńsì wo ló yẹ awò ojú tí kò ní férémù? Ìfiwéra láti ojú ihò síkúrù

Mo kọ́kọ́ rò pé irun ló lẹ̀ mọ́ ọn. Ìlà tín-ín-rín kan ni, kò gùn tó ìdajì èékánná ìka kékeré. Ó bẹ̀rẹ̀ létí ihò síkúrù apá ọ̀tún, ó sì forí lé ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì. Mo nù ún, kò lọ. Mo fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò, èékánná ò kọ́ nǹkan kan. Inú lẹ́ńsì gan-an ló wà. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, mo ń fi aṣọ nu awò yẹn jẹ́jẹ́ ni apá kan ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Polycarbonate, irú ike kan, ni lẹ́ńsì ọ̀hún o, èyí tí ẹni tó tà á fún mi sọ pé bí mo fi òòlù lù ú, kò ní fọ́. Kò sì purọ́. Àárín rẹ̀ wà digbí títí dòní. Ihò ló pa á.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣa lẹ́ńsì fún irú awò yìí fi sọ́kàn nìyẹn. Nínú awò tó ní férémù, férémù ló ń jẹ ìyà. Òun ló gbá lẹ́ńsì mọ́ra yíká, òun ni apá so mọ́, bí o bá sì ṣèèṣì jókòó lé e, òun ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Níbi tí kò ti sí férémù, lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ni férémù. Ara rẹ̀ ni wọ́n de afárá orí imú mọ́, ara rẹ̀ náà ni wọ́n de apá méjèèjì mọ́. Gbogbo ìgbà tí o bá bọ́ awò, tí o tún wọ̀ ọ́, àwọn ihò kéékèèké wọ̀nyẹn ló ń gbé ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, "èwo ni kì í fọ́?" kò tó béèrè. Béèrè pé, "èwo ni etí ihò rẹ̀ kì í sán?" Ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà.

Ohun tó le, ohun tó yi

Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ohun tó le, nǹkan kì í tètè ha á. Ohun tó yi máa ń tẹ̀, ó máa ń fà, kì í sì í tètè já. Dígí le, ṣùgbọ́n kò yi. Awọ bàtà yi, ṣùgbọ́n kò le. Nígbà tí wọ́n bá ní lẹ́ńsì kan ń gba ìkọlù, yíyi rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ìdí nìyẹn tí polycarbonate, tó yi ju gbogbo wọn lọ, fi jẹ́ pé òun náà ló ń tètè ha jù bí wọn ò bá fi ìbora tó le bò ó lójú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn yíyi yìí? Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun èlò ìlera ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní òfin kan láti 1972: lẹ́ńsì awò ojú gbọ́dọ̀ lè gba bọ́ọ̀lù irin tó fẹ̀ tó bíi mìlímítà 16, tó wọn bíi gíráàmù 16, tí wọ́n jù sílẹ̀ lé e láti òkè sẹ̀ǹtímítà 127, kó má sì fọ́. Ìlànà ANSI Z87.1 ti Amẹ́ríkà, tó wà fún awò ààbò lẹ́nu iṣẹ́, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù irin ti wọn kéré, mìlímítà 6.35, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yìn ín bí ọta ni, mítà 45.7 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn bíi kìlómítà 164 ní wákàtí kan. Mo ṣírò rẹ̀: agbára tó wà nínú bọ́ọ̀lù kékeré yìí tó ìlọ́po márùn-ún ti àkọ́kọ́. Polycarbonate àti Trivex, ike mìíràn tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú, máa ń yege níbẹ̀. Àwọn yòókù kì í sábà débẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbo ni bọ́ọ̀lù FDA yẹn ń balẹ̀ sí? Àárín lẹ́ńsì ni. Òfin náà sọ ọ́ gbangba: bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ bà á ní àárín gbùngbùn. Kò sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù lé ihò síkúrù.

Ní 1898, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Jámánì, Ernst Gustav Kirsch, fi ìṣirò hàn pé bí a bá ń fa nǹkan pẹlẹbẹ tó ní ihò róbótó kékeré kan, ìlọ́po mẹ́ta agbára tó ń fa ibi yòókù ló ń fa etí ihò náà. Ìyẹn bí etí ihò bá dán o. Bí ó bá rí ṣákaṣàka, tó ní eyín wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwa tí a fẹ́ràn awò tí kò ní férémù, ọwọ́ ara wa la fi ń la ògiri lẹ́nu, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹrin lórí awò kan.

Nọ́ńbà wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́ńsì nìyí. Yàtọ̀ sí dígí, ike ni gbogbo wọn; mo máa ṣàlàyé wọn níwájú.

| Ohun èlò | Bó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ | Nọ́ńbà Abbe | Gíráàmù nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan | Bí etí ihò ṣe ń ṣe |
|---|---|---|---|---|
| CR-39 | 1.50 | 58 | 1.32 | ó ń já wẹ́wẹ́, ó ń sán |
| Trivex | 1.53 | bíi 44 | 1.11 | ó ń fara dà á dáadáa |
| Polycarbonate | 1.59 | 30 | 1.20 | ó ń sán díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá fún síkúrù jù |
| MR-8 | 1.60 | 41 | 1.30 | ó ń fara dà á dáadáa |
| 1.67 (MR-7, MR-10) | 1.67 | bíi 31 | bíi 1.35 | ó dára |
| 1.74 | 1.74 | bíi 32 | 1.47 | ó gba ìṣọ́ra |
| Dígí | 1.52 | bíi 59 | 2.54 | má dán an wò |

Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ṣe ga tó ni lẹ́ńsì ṣe ń fẹ́lẹ́ tó fún agbára ojú kan náà. Nọ́ńbà Abbe ń sọ bí àwọ̀ òṣùmàrè yóò ṣe pọ̀ tó létí ohun tí o bá fi ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì wò. Bó bá ṣe ga tó ni àwọ̀ náà ṣe ń dínkù. Ìwúwo ò nílò àlàyé, imú rẹ á sọ fún ọ.

Polycarbonate àti Trivex

Ọ̀dọ̀ àwọn méjì yìí ni ìjà wà, nítorí àwọn ni wọ́n máa ń gbé síwájú rẹ bí o bá ní o fẹ́ èyí tí kì í fọ́.

Polycarbonate ti pẹ́ láyé. Ní 1953 ni Hermann Schnell ní ilé-iṣẹ́ Bayer ní Jámánì àti Daniel Fox ní General Electric ní Amẹ́ríkà rí i, oníkálukú lọ́nà tirẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe iwájú iná ọkọ̀ àti gíláàsì akoto ọlọ́kadà. Wàá ti lò ó láìmọ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi ṣe lẹ́ńsì ló gba àkíyèsí: wóró ike ni wọ́n máa ń yọ́ nínú ooru gbígbóná, wọn á fi agbára ńlá tì í wọ inú mọ́ọ̀dì, á sì tutù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó yá, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fi ipá tì wọ ibì kan tó sì gan pa lójijì, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ó dà bí ẹni tó sùn tí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣì le gbandi. Ó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò sinmi. Agbára tó há sínú lẹ́ńsì yẹn kì í ṣe nǹkan kan nígbà tí férémù bá yí i ká. Ìgbà tí wọ́n bá lu ihò sí i, tí wọ́n ki síkúrù bọ̀ ọ́, tí wọ́n sì fún un pinpin, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kò ní fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn ni yóò máa yọ láti etí ihò, oṣù dé oṣù, títí ọ̀kan nínú wọn á fi dé ẹ̀gbẹ́. Kẹ́míkà tún ń bá a yára. Acetone, ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, máa ń jẹ polycarbonate lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ìnira bá pọ̀ jù nínú lẹ́ńsì ló sì ti máa ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ìyẹn etí ihò. Nǹkan méjì tí kò tó nǹkan, síkúrù tí wọ́n fún jù àti ọwọ́ tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pa ọ̀dà èékánná rẹ́, lè pàdé níbẹ̀ kí wọ́n sì pa awò náà.

Lílu ihò fúnra rẹ̀ nínú polycarbonate ò rọrùn. Ó rọ̀, bí ẹnu ẹ̀rọ bá gbóná, á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ọn bí gọ́ọ̀mù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń lù ú díẹ̀díẹ̀, á fà á jáde, á jẹ́ kó tutù, á tún tì í wọlé. Ẹni tó ń kánjú á tì í gba ìdí jáde lẹ́ẹ̀kan. Ojú lásán ò ní mọ ìyàtọ̀ lọ́jọ́ tí o bá gbà á.

Trivex ní tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ PPG ló gbé e wá sójú ayé awò ní 2001, láti inú ohun èlò tó mọ́ gaara tí wọ́n ti ń wá fún ààbò àwọn ológun. Kì í ṣe wóró tí wọ́n yọ́. Omi ni wọ́n máa ń dà sáàárín mọ́ọ̀dì méjì, wọn á fi í sínú ooru fún ọ̀pọ̀ wákàtí kó lè gan pọ̀ díẹ̀díẹ̀, tí ara rẹ̀ á sì so mọ́ ara wọn bí okùn àwọ̀n. Nítorí pé kò sí ẹni tó fi ipá tì í, ara rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí ẹnu ẹ̀rọ bá kàn án, èérún gbígbẹ ló ń jáde, etí ihò sì ń dán. Acetone kì í ṣe é bó ṣe ń ṣe polycarbonate. Méjèèjì máa ń dènà ìtànṣán UV láìsí pé wọ́n fi nǹkan kun wọn, nítorí náà kò sí ohun tí a fẹ́ fi yàn níbẹ̀.

Lórí àwọ̀ òṣùmàrè, jẹ́ kí n ṣe ìṣirò kan. Ẹni tí agbára lẹ́ńsì rẹ̀ jẹ́ −5.00 (máínọ́ọ̀sì, ti ẹni tí kì í rí ọ̀nà jíjìn dáadáa; pílọ́ọ̀sì ni òdìkejì rẹ̀), tó fi ibi tó jìnnà sí àárín ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀ wo nǹkan: 5 lọ́nà 1.5 jẹ́ 7.5. Pín in fún nọ́ńbà Abbe. Polycarbonate á fún ọ ní 0.25, Trivex á fún ọ ní 0.17. Bó bá ṣe pọ̀ tó ni àwọ̀ náà ṣe ń pọ̀ tó. Bí o bá máa ń ka ìwé dúdú lórí ojú funfun láti ẹ̀gbẹ́, tàbí tí o máa ń wo iná òpópónà lóru, o lè rí i. Àwọn kan kì í rí i rárá láyé wọn. Èmi máa ń rí i.

Níbo wá ni polycarbonate ti borí? Ó fẹ́lẹ́ díẹ̀ ju Trivex lọ, ó sì wà níbi gbogbo. Fún ọmọdé tó ń sáré kiri, ohun rere ni, ṣùgbọ́n nínú férémù. N ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn kó so awò tí kò ní férémù mọ́ ojú ọmọdé, lẹ́ńsì yòówù kó jẹ́. Bákan náà ni ẹni tó ń jó irin tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Awò ààbò ni kó wọ̀ síbẹ̀. Lẹ́ńsì tó yege nínú ìdánwò kì í sọ awò tí wọ́n lu ihò sí lára di awò ààbò.

Bí ó bá ku àwọn méjì yìí nìkan, tí agbára ojú rẹ kò sì kọjá bíi 3.00 ní máínọ́ọ̀sì tàbí ní pílọ́ọ̀sì, Trivex ni kí o mú. N kò rí ìdí tí ẹnì kan á fi jiyàn sí i.

MR-8, àti àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́ 1.60

Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe méjì nìkan. Ilé-iṣẹ́ Mitsui Chemicals ní Japan ló ń ṣe ohun èlò tí wọ́n ń pè ní MR. MR-8 ni ti 1.60, MR-7 àti MR-10 ni ti 1.67, MR-174 ni ti 1.74. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn, imí ọjọ́ sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí o bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń gé MR-8, imú rẹ á sọ fún ọ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń gé e ti mọ̀ ọ́n lára, àlejò ló máa ń bo imú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán tí wọ́n fọ̀ ọ́, òórùn náà á lọ.

MR-8 kì í gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n yìn bí ọta bí polycarbonate ṣe ń gbà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó di síkúrù mú. Bí o bá fà á, kì í já bọ̀rọ̀, etí ihò rẹ̀ kì í sì í sán bọ̀rọ̀. Fún ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tó ń wakọ̀, tó ń kàwé, tí ewu tó tóbi jù fún awò rẹ̀ kò ju kí ó já bọ́ láti orí tábìlì, ìyẹn gan-an ni ó ń fẹ́. Nọ́ńbà Abbe rẹ̀ tún jẹ́ 41, ó sì fẹ́lẹ́ bíi polycarbonate. Bí agbára ojú rẹ bá wà láàárín 3.00 sí 6.00, òun ni mo máa kọ́kọ́ wò.

Ìkìlọ̀ kan tó ṣe pàtàkì: kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ 1.60 tàbí 1.61 ni MR-8. Èyí tó tún burú ni 1.56, tó kún ibi gbogbo, tí wọ́n sì máa ń pè ní "lẹ́ńsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́" fún oníbàárà. 1.56 kì í yi. Nínú férémù kò burú. Bí wọ́n bá lu ihò sí i, ọjọ́ ló ń kà. Nítorí náà, má béèrè nọ́ńbà nìkan, béèrè orúkọ. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè dárúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe lẹ́ńsì, kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ pé òun máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ihò bá sán.

1.67 ṣì dára fún ihò. Abbe rẹ̀ ti wálẹ̀ sí àdúgbò polycarbonate, ṣùgbọ́n fún máínọ́ọ̀sì tó ga, ó máa ń tọ́ sí i. 1.74 ní tirẹ̀ ń ṣẹ́ ju àwọn yẹn lọ, ó sì wúwo ju gbogbo ike tó kù nínú tábìlì lọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń wọ̀ ọ́ láìsí férémù. Èmi ò jẹ́ wọ̀ ọ́.

CR-39 àti dígí, ní ṣókí

CR-39 jẹ́ baba fún gbogbo lẹ́ńsì ike. Ní 1940 ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, ìdánwò kọkàndínlógójì nínú irú rẹ̀ ni, ibẹ̀ ni 39 ti wá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n lò ó nínú táńkì epo ọkọ̀ òfuurufú B-17 kó tó di ohun tí a ń fi ríran. Ojú rẹ̀ mọ́ gaara, Abbe rẹ̀ ga, kì í sì í tètè ha. Ṣùgbọ́n etí ihò rẹ̀ máa ń já wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ tọkàntọkàn, kó mú awò tí okùn ọ̀rá fi di ìsàlẹ̀ lẹ́ńsì mú, kó fi ihò sílẹ̀.

Dígí kò yẹ fún ihò mọ́. Láyé àtijọ́, ní 1930 sí 1940 wọ̀nyẹn, dígí ni wọ́n ń lu. Wọ́n sì ń fọ́.

Bó ṣe nípọn tó níbi ihò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré wá lẹ́ńsì tó fẹ́lẹ́ jù, tí wọ́n á fi gbàgbé pé ibi tó nípọn ló ń di síkúrù mú. Mo ṣe ìṣirò ṣókí fún lẹ́ńsì tó fẹ̀ ní mìlímítà 50, tí agbára rẹ̀ jẹ́ −4.00, tí àárín rẹ̀ nípọn ní mìlímítà 2. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tó mìlímítà 4.4 bí ó bá jẹ́ Trivex, 4.1 bí ó bá jẹ́ polycarbonate tàbí MR-8, 3.9 bí ó bá jẹ́ 1.67, àti 3.7 bí ó bá jẹ́ 1.74. Láti Trivex dé 1.74, ìyàtọ̀ wọn kò pé mìlímítà kan! Ohun tí o máa fi rọ́pò rẹ̀ ni yíyi, àwọ̀ tó mọ́, àti ìwúwo lórí imú. Ní −8.00, ọ̀rọ̀ yí padà: Trivex á di 6.7, MR-8 á di 6.2, 1.67 á di 5.7. Níbẹ̀ ni 1.67 ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ní −8.00, ó yẹ kí o tún ara rẹ bi bóyá férémù kékeré kan kò ní bò ó mọ́lẹ̀ jù.

Ìwọ̀n àárín náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan máa ń gé e dé mìlímítà kan kó lè fẹ́lẹ́. Fún awò tí kò ní férémù, 2 ni mo máa ń sọ, n kì í dúnàádúrà rẹ̀.

Ẹni tó ń wọ pílọ́ọ̀sì ló yẹ kó ṣọ́ra jù. Pílọ́ọ̀sì nípọn láàárín, ó fẹ́lẹ́ létí, etí yẹn gan-an ni wọ́n sì fẹ́ lu. Sọ fún wọn kó tó di pé wọ́n gé lẹ́ńsì pé ibi ihò gbọ́dọ̀ nípọn tó bíi mìlímítà méjì. Bí wọ́n bá ti gé e tán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi kún un.

Ìbora ojú lẹ́ńsì

Ìbora tí kì í jẹ́ kí iná tàn padà lójú lẹ́ńsì dára fún ìríran, mo ń lò ó. Àmọ́ ìbora yẹn le, kò yi. Nígbà tí nǹkan bá gbá lẹ́ńsì, òun ló máa ń kọ́kọ́ sán, ìsán rẹ̀ sì lè wọ inú ike tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa máa ń fi ìpele rírọ̀ kan sáàárín láti gba ìkọlù náà. Béèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Ooru náà ń yọ ọ́ lẹ́nu: bí awò bá wà nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, ike á fẹ̀ ju ìbora lọ, ìbora á sì ya ní wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Bí o bá rí irú ìyẹn, ojú lẹ́ńsì ló bàjẹ́, kì í ṣe ihò.

Ohun tí o lè yẹ̀ wò fúnra rẹ

Gbé awò sókè sí ìmọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí o bá gbà á. Etí ihò gbọ́dọ̀ dán, kí wọ́n sì ti ha á díẹ̀ yípo kí igun mímú rẹ̀ lè lọ. Ihò kò gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì. Láàárín irin àti lẹ́ńsì, ó yẹ kí ike kékeré kan wà, yálà wáṣà tàbí ọ̀pá ike tó wọ inú ihò, kí irin má bàa fara kan lẹ́ńsì. Ihò méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí ihò kan pẹ̀lú ààlà kékeré tí wọ́n gé sétí, dára ju ihò kan ṣoṣo lọ, torí ihò kan ṣoṣo á jẹ́ kí apá máa yí.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn láti ṣe nìyí. Ṣí ojú ewé funfun kan sórí kọ̀ǹpútà. Wọ awò oòrùn tí wọ́n ń pè ní polarized, kí o sì yí orí rẹ títí ojú kọ̀ǹpútà á fi ṣókùnkùn. Wá gbé awò tuntun náà sáàárín. Polycarbonate á fi àwọ̀ òṣùmàrè hàn kárí ara rẹ̀, ìyẹn agbára tó há sínú rẹ̀. Trivex àti CR-39 á ṣókùnkùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí mo fẹ́ kí o tẹjú mọ́ ni etí ihò. Bí àwọ̀ bá kó jọ síbẹ̀ bí òdòdó tó là, tó sì mọ́lẹ̀ ju ibi yòókù lọ, wọ́n ti fún síkúrù yẹn jù. Dá a padà kí wọ́n tú u díẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ni gbogbo rẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ra ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ méjì ni kí o máa fi bọ́ ọ. Ọwọ́ kan máa ń lọ́ lẹ́ńsì, á sì máa fẹ ihò lójú. Omi àti ọṣẹ rírọ̀ ni kí o fi fọ̀ ọ́. Bí apá bá ń mì, má gbé síkúrù-dìráfà. Ó máa ń dà bíi pé títẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i ló kù, títẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i yẹn ló sì ń sán polycarbonate. Ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ ni kó bá ọ ṣe é.

Trivex ló wà lójú mi báyìí, agbára ojú mi ò ga. Bí ó bá kọjá −3.00 lọ́jọ́ kan, MR-8 ni mo máa bọ́ sí. Lẹ́ńsì tó ṣẹ́ yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Nígbà kan, mo rántí ọ̀rọ̀ ẹni tó tà á fún mi, mo gbé e sórí pátákó, mo sì fi òòlù lù ú ní àárín. Ó ta padà, ó fò bọ́ sílẹ̀, àmì funfun kékeré kan ló kù lójú rẹ̀. Ìlà tó wà létí ihò kejì ló gùn sí i.